Bí Iyè Bá Lọ, Ta Ni Ó Kù?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń lò fún arúgbó tí ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ kò bá ara mu mọ́. Wọ́n á ní ó ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì rọrùn lẹ́nu. Bí Bàbá bá bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí kan, ó ń ṣarán. Bí Ìyá bá gbé aṣọ òde wọ̀ ní òru, tí ó ní òun ń lọ sí ọjà Akẹ̀sán, ó ń ṣarán. Bí arúgbó kan bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, tí kò jẹun dáadáa, tí kò fẹ́ rí ènìyàn, ẹlòmíràn á tún ní ó ń ṣarán. Ẹni tí ibà mú lánàá, tí ó ń sọ ìsọkúsọ lónìí, kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí irun orí rẹ̀ bá ti funfun. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa tú ọ̀rọ̀ Yorùbá palẹ̀ kí n wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì pẹ́ tí mo ti ń fura sí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ó ń parí ọ̀rọ̀ ní ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti lè sọ pé ó ń ṣarán, kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè ohunkóhun mọ́. A ti fún un ní orúkọ, ó tán.

Àwọn oníṣègùn òde òní sì ti fi yé wa pé, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Èkíní ni èyí tí ó ń dé lójijì. Arúgbó tí ó mọ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ Ajé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tí yóò fi di Ọjọ́rú, tí oorun ń gbé lọ tí ó sì tún ń ta gìrì, tí ó ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí: àìsàn ara ni ó sábà máa ń wà ní ìdí irú èyí. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó lè jẹ́ àrùn inú ilé ìtọ̀, ó lè jẹ́ àìmu omi tó. Ó sì lè jẹ́ oògùn tí dókítà kan kọ fún un, tí alágbo fi tirẹ̀ kún un, tí ọmọ tí ó wà ní Èkó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tí ó ṣubú ní balùwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n ní kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ agbárí rẹ̀. Irú èyí kò ní sùúrù. Ilé ìwòsàn ni ó kàn, lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ó ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ṣeé wò sàn bí a bá tètè mú un.

Èkejì ni èyí tí ó ń yọ́ wọlé bí ìrọ̀lẹ́. Ó lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ará ilé tó gbà pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìyá tí ó ti ń se ọbẹ̀ láti ọgọ́ta ọdún yóò fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, kò ní fi sí i rárá. Oníṣòwò tí kò fi ìwé ka owó rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣi owó kà, yóò sì máa fura sí ọmọọ̀dọ̀ pé ó ń jí òun lówó. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú irú àrùn yìí ni a fi orúkọ dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, pè, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1906. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, tí ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ọpọlọ pa, a máa fa òmíràn. Kò tíì sí oògùn tí ó ń lé e lọ pátápátá.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, òun ni mo sì rò pé a kì í kà sí jù. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers, dókítà òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ọpọlọ àwọn ènìyàn Áfíríkà; lára ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé irú ìbànújẹ́ tí í di àìsàn kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Àró, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Nígbà tí ó di ọdún 1963, òun àti àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí àìsàn ọkàn láàárín àwa Yorùbá, ìwé náà sì fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà láàárín wa dáadáa, àní láàárín àwọn ènìyàn tí kò ní orúkọ kan pàtó fún un. Láàárín ọdún 2003 àti 2004 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn wá rin ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá 2,152 ènìyàn tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó tó àìsàn ti bá jà rí láyé wọn, ìdá 7.1 ni ó sì bá jà láàárín ọdún kan tí ó ṣáájú ìbéèrè náà. Èyí kì í ṣe àrùn òyìnbó. Ó ṣeé tọ́jú, síbẹ̀ a ń fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn pé ogbó ni.

Ìwádìí kan tún wà tí ó dùn mọ́ mi nínú nítorí pé ọ̀ràn èdè àti àṣà ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ṣáájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana, tí Hugh Hendrie ṣáájú, láti mọ iye àwọn arúgbó tí iyè wọn ń lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wọ ojúlé dé ojúlé. Ní òkè òkun, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe dán iyè ìyá arúgbó tí kò dé ilé ìwé rí wò? Bí a bá fún un ní kálámù pé kí ó ya àwòrán, tàbí tí a bi í léèrè pé oṣù òyìnbó wo ni a wà, ó lè kùnà kí ó sì jẹ́ pé iyè rẹ̀ dá ṣáká. Irinṣẹ́ tí wọ́n lò, fún àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ kan ní Kánádà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n tó tún un ṣe sí Yorùbá. Ohun tí ó mú un dára ni pé kì í ṣe arúgbó nìkan ni ó ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá a gbé pẹ̀lú: ǹjẹ́ ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń ṣe?

Èsì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1995, ọdún kan náà tí Ọ̀ṣúntókun papòdà. Ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn arúgbó Ìbàdàn ni àrùn náà ń bá jà. Ti Indianapolis, bí a bá ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, jẹ́ ìdá 8.24. Nígbà tí ó di ọdún 2001, wọ́n tún fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti Amẹ́ríkà: 1.35 sí 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ronú sí oúnjẹ, wọ́n ronú sí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbọ́ èyí tí wọ́n yọ̀, pé àwa kọ́ ni ó ń ṣe. Èmi kò bá wọn yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kéré ní ìṣirò kì í kéré ní ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ wa lónìí kì í sì í ṣe oúnjẹ tí àwọn arúgbó Ìdíkàn ọdún 1992 jẹ dàgbà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn oníṣègùn bi ará ilé yẹn ni ó gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń ṣe bí? Yorùbá fúnra wọn ń fi ohun tí ènìyàn ń ṣe mọ̀ ọ́n ní àgbà. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò sọ pé àgbà ni ẹni tí ó pẹ́ láyé. Ohun tí ó sọ ni pé àgbà ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí i pé orí ọmọ ti wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè tún un ṣe. Gbogbo àgbà kọ́ ni arúgbó, gbogbo arúgbó kọ́ ni a sì ń pè ní àgbà. Ọjọ́ orí ni ogbó, ipò ni àgbà. Ó wá kù ohun kan tí òwe náà kò sọ. Bí ó bá jẹ́ pé orí àgbà gan-an ni ó wọ́ ńkọ́? Ta ni ó wà lọ́jà tí yóò tún tirẹ̀ ṣe? Ṣé ó ṣì jẹ́ àgbà, àbí arúgbó lásán ni ó kù?

Kò sí ẹni tí yóò dáhùn pé arúgbó lásán ni. Ẹnu wa kò gbà á. Ṣùgbọ́n èdè wa ń tú wa fó. Mo máa ń lọ sí agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí bàbá kan wà tí ó ti jẹ́ olórí ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iyè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Òǹkàwé tí ó bá mọ Ọ̀yọ́ mọ bí àwọn ará ibẹ̀ kì í ti í fi ọ̀wọ̀ ṣeré: “ẹ” ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́fà jù wọ́n lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ fún mi pé, “Bàbá ní àwọn kò tíì jẹun, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.” Ní ọdún kẹta, ìyàwó ilé kan sọ níwájú rẹ̀ pé, “Ó ti jẹun o, ẹ má dá a lóhùn.” Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ fura. “Wọ́n” ti di “ó”, kò sì sí ìpàdé ẹbí kankan tí wọ́n ti fẹnu kò sí i. Nígbà tí ó tún yá, wọ́n ń jókòó yí àga rẹ̀ ká, wọ́n ń jíròrò ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún un àti iye owó tí ó ń ná wọn, bí ẹni pé àpótí ni wọ́n gbé síbẹ̀. Bàbá náà ní tirẹ̀ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ó ń pe gbogbo wọn ní “ẹ”. Òun nìkan ni ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn nínú ilé náà.

Mo ka arọ́pò-orúkọ yìí sí ohun tí ó tóbi. Ọ̀mọ̀wé èdè ni mí, ẹ ó dárí jì mí. Mo gbà pé ọjọ́ tí a bá pa “wọ́n” dà sí “ó” lórí ẹni tí ó bí wa ni a ti dáhùn ìbéèrè tí mo béèrè lókè, a sì ti dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò yẹ ká dáhùn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́, ti kọ́ wa tipẹ́ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe “wà” ni “ìwà” ti jáde. Kí ènìyàn wà, òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ìwà, kí ó tó di ọ̀rọ̀ rere tàbí búburú. Bí a bá gba èyí, ẹni tí ó wà kò tíì pàdánù ìwà, ohun yòówù kí ó ti gbàgbé. Àwọn kan yóò ta kò mí níhìn-ín, àtakò wọn sì lágbára. Wọ́n á ní kì í ṣe iyè nìkan ni ó ń lọ; ìṣesí gan-an ń yí padà. Bàbá tí kò bú ènìyàn rí ń ṣépè. Ìyá tí a mọ̀ sí ọlọ́wọ́ ṣíṣí ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu ará àdúgbò nígbà náà ni pé ìwà tí ó ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí ni ó tú síta. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, àwa fúnra wa sì mọ̀ pé kò tọ̀nà, nítorí pé a kì í lò ó fún ibà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó ń bú ìyá rẹ̀ nínú ìrànrán, ìyá náà kì í sọ pé òun ti wá mọ inú ọmọ òun. Ó á ní ibà ni ó ń sọ̀rọ̀. Kí ni ó dé tí a fi ń yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ ibà fún ọmọ ogún ọdún, tí a kò lè yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ àrùn fún ẹni ọgọ́rin ọdún? Ohun tí mo rí ni pé ọjọ́ mẹ́rin ni ibà, àrùn yìí sì jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe òye ni ó tán nínú wa, sùúrù ni.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ ìyá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Tamale nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n lọ ṣòwò ní àríwá Gánà láyé ìjọba òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kò rí i gbà. Ìyá yìí kò mọ̀ mọ́ pé òun ti jẹun àárọ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ òun àgbà ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò dìde, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì béèrè ọkọ̀ Tamale. Ní àkókò yẹn ni yóò máa sọ èdè kan tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n ní èdè ẹ̀mí ni, wọ́n sì ti pe àwọn aládùúrà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ Haúsá díẹ̀. Owó ọjà ni Ìyá ń ná.

Iyè dà bí ògiri tí wọ́n ti rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí wọ́n rẹ́ kẹ́yìn ni ó ń kọ́kọ́ ṣí, ti ìsàlẹ̀ ni ó ń pẹ́. Nítorí náà ni èdè àtijọ́ fi ń padà wá, tí orúkọ ọmọ tí a bí láìpẹ́ fi ń lọ. Nítorí náà náà ni bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ṣe máa ń gbórí sókè bí wọ́n bá ki oríkì ilé wọn, tí yóò sì máa bá wọn gbè é dé ìparí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ti wá fi èyí ṣe ọgbọ́n. Bí Bàbá bá kọ̀ láti wẹ̀, kò ní bá a jà. Yóò bẹ̀rẹ̀ oríkì, Bàbá yóò sì tẹ̀ lé e lọ sí balùwẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Èmi ì bá dúró lórí ohun tí ó dùn ún gbọ́ bí èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjẹ́ wà níbẹ̀. Ọkùnrin arúgbó tí ó bá ń rìn kiri lóru, ó ń ṣarán. Obìnrin arúgbó tí ó bá ń rìn kiri lóru, àjẹ́ ni. Mo ti gbọ́ èyí ní Ọ̀yọ́, mo ti gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ka ìwé jù mí lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ìyá wọ̀nyí a máa jẹ́wọ́. Margaret Field, obìnrin òyìnbó kan tí ó jẹ́ dókítà, jókòó ti àwọn ojúbọ ní ilẹ̀ Àṣáńtì fún ọdún mélòó kan, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1960. Lára àwọn tí ń wá jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé àjẹ́ ni àwọn, ó rí ọ̀pọ̀ obìnrin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Bí ó ti máa ń rí láàárín wa náà nìyẹn. Ìyá tí ó sin ọmọ mẹ́ta, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ó ń ṣe bí ẹni pé òun kò yẹ láyé, bí wọ́n bá bi í pé ṣé òun ni ó pa wọ́n, kí ni wọ́n rò pé yóò sọ? Ẹ̀rí ọkàn tí àìsàn ti dorí rẹ̀ kodò ni wọ́n ń pè ní ìjẹ́wọ́. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. N kò tíì rí ẹni tí ó bẹ̀rù òfin náà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ń bẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Arúgbó tí kò mọ ọjọ́ tí a wà kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí ó tẹ ìka sí. Mo mọ ilé tí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbà pé iyè Bàbá ti lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé wá bá a. Nígbà tí ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù, kò mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀, àṣẹ rẹ̀ pé.

Òtítọ́ ńkọ́? Ìyá kan ń béèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Bí a bá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú, yóò sunkún bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni ní tirẹ̀; lẹ́yìn wákàtí kan, yóò tún béèrè. Ṣé kí a máa pa ọkọ rẹ̀ fún un lójoojúmọ́ ni? Àwọn ọmọ ìjọ kan sọ fún mi pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, wọn kò sì ní pa á. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, àwa tí a mọ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé òtítọ́ ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ta ni ó jẹ́ sọ láàfin pé ó kú? Ọba wàjà ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ náà tàn jẹ, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní irọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹrù kalẹ̀ fún ènìyàn ní ìwọ̀n tí ọrùn rẹ̀ lè gbé. Bí ọmọ bá dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, “Màmá, Bàbá kò tíì dé, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe pàdé ara yín,” mo gbà pé inú àṣà kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀. Ààlà tí mo fà síbẹ̀ ni pé fún ìrọ̀rùn Ìyá nìkan ni a lè lò ó. Bí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìtẹ̀ka, tàbí tí a fi tì í mọ́lé kí àlejò má baà rí i, irọ́ ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà tó bí a ti rò. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí a fi orúkọ Tony Anenih pè ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn. Ọsibítù Onítẹ̀bọmi tí ó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1907 ti di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen, Yunifásítì LAUTECH náà sì ní tirẹ̀ ní ìlú kan náà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti gba ipò òfin wèrè tí ó ti wà láti ayé òyìnbó, ọdún 1916. Ohun tí ó ṣòro ni èyí tí ó wà nínú ilé. A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò sọ èwo nínú àwọn ọmọ ni ó ní ọmú, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin tí ó ti ilé ọkọ dé, tàbí ìyàwó àbíkẹ́yìn, ni ó ń nu ìtọ̀.

Ọmọ ìyá Tamale yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì sùn di àárọ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì, nítorí pé Ìyá lè ṣílẹ̀kùn nígbàkígbà. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ kí n bá a sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà tí mo bá rí wọn. Mo rò pé yóò dárúkọ owó. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí ẹnìkan nínú wọn wá sùn ti Màmá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo. Kí ó sì mú àdúrà tí ó máa gbà dání, ṣùgbọ́n kí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà.”